Bí Ìrókò Bá Kú, Kí Ni Yóò Rọ́pò Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ igi àti igbó ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ lè bi mí pé kí ni ó kan àwa tí a ń gbé àdúgbò Al-Baghdadiyah ní Jeddah nínú ọ̀rọ̀ igbó, nígbà tí ó jẹ́ pé yanrìn, òkúta àti òkun ni ó yí wa ká. Ẹ fi sùúrù bá mi kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Bí ènìyàn bá rìn díẹ̀ láti àdúgbò wa sí apá gúúsù, yóò dé Al-Balad, ìlú àtijọ́ tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2014. Níbẹ̀ ni ilé Nassif wà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1881, tí Ọba Abdulaziz sì dé sí nígbà tí ó wọ Jeddah ní ọdún 1925. Igi kan wà níwájú ilé náà. Ilé onígi ni àwọn ará ìlú ń pe ilé yìí láyé àtijọ́, nítorí wọ́n ní igi náà nìkan ṣoṣo ni ó wà láàárín ìlú títí di àwọn ọdún 1920. Omi mímu gan-an ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Ta ni yóò wá rí omi fi rin igi? Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ mi lọ síbẹ̀, mo wo ewé igi náà, mo sì rí i pé dóńgóyárò ni, dóńgóyárò kan náà tí àwọn ìyá wa máa ń sè fún wa nígbà tí ibà bá mú wa. Ọmọ mi obìnrin yí ìdí igi náà po, ó wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Mọ́mì, ọmọ rẹ̀ dà?" Òkúta tí a tẹ́ sílẹ̀ ni ó rí, kò rí ọmọ igi kankan. N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ni ó sún mi dé ìdí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn ìrókò ní ilẹ̀ Yorùbá.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òótọ́ ni èyí fún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń yọ. Kí a tó bẹ́ ìyá lulẹ̀, ọmọ ti dìde dúró. Ṣùgbọ́n gbogbo igi kọ́ ni Ọlọ́run fún ní irú oore bẹ́ẹ̀. Igi mìíràn wà tí ó lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo ayé ń wò pẹ̀lú ẹ̀rù àti ọ̀wọ̀, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé kò ní àrólé. Ọ̀kan nínú wọn ni ìrókò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ìrókò ṣe ń bímọ. Milicia excelsa ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ó sì lè ga tó mítà 50. Akọ ìrókò wà, abo ìrókò sì wà. Abo nìkan ni ó ń so. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ tọ abo lọ, nítorí náà abo tí ó dá dúró níbi tí akọ kò sí nítòsí kò lè ní irúgbìn rere. Bí èso bá pọ́n, àdán ni ó ń jẹ ẹ́ lóru, tí ó ń gbé irúgbìn tín-ín-tín inú rẹ̀ fò lọ, tí ó sì ń yà á sílẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí irúgbìn bá sì bọ́ sílẹ̀, ó tún ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Abẹ́ igbó dídí tí oòrùn kì í wọ̀ kò bá a lára mu. Ibi tí igi ńlá kan ti wó, tàbí oko tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi, ni ó ti ń rí àyè dìde. Ẹ wò ó: akọ, abo, àdán, àti àyè tí oòrùn ń tàn sí. Bí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá yẹ̀, ọmọ kò sí.

Láyé àwọn baba ńlá wa, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà. Bí àgbẹ̀ bá ń ṣán oko, ó sábà máa ń fi ìrókò sílẹ̀ ní ìdúró, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹ̀mí ń gbé inú rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gé e láìṣe ètùtù. Ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe ti ọ̀pọ̀ nínú wa mọ́. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣe. Igi tí ó lè bímọ dúró káàkiri oko, ilẹ̀ ń sinmi fún ọdún púpọ̀ kí a tó tún padà sí i, ọmọ ìrókò sì ń hù láàárín igbó kékeré tí ó ń dìde nínú oko àtijọ́. Àwọn baba wa kò gbin ìrókò bí ẹni gbin iṣu, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ń dáko fi àyè sílẹ̀ fún un láti gbin ara rẹ̀.

Ìdí nìyí tí òwe wa fi lọ báyìí pé, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò; bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹni tí ó pa òwe yìí ń bẹ̀rù kí ìrókò má baà di púpọ̀ jù lágbègbè rẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a ó máa fi àtùpà wá ìrókò kékeré.

Báwo ni ọjọ́ náà ṣe dé? Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, òwò gẹdú gbóná, oko kòkó sì ń tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1897, ìjọba amúnisìn ní Èkó dá ẹ̀ka tí yóò máa bójútó igbó sílẹ̀. Ní ọdún 1899, wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, lẹ́bàá odò Ògùn. Òun ni igbó àkọ́kọ́ tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọdún 1925 ó kan igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó fẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà níbùú lóròó lọ. H. N. Thompson, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Burma rí, ni ó darí iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpìlẹ̀ ètò wọn ni kí a pààlà, kí a fi ẹ̀ṣọ́ sí i, kí a sì ka iye igi tí a lè gé.

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ààlà yẹn wúlò. Bí kò bá sí i, gbogbo igbó náà ni ìbá ti di oko. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ lè lé agégẹdú. Kò lè mú irúgbìn hù. Láìpẹ́ àwọn olùtọ́jú igbó rí i pé bí wọ́n bá gé ọ̀gánwó tàbí ìrókò kan, kì í ṣe irú rẹ̀ ni ó ń dìde rọ́pò. Ní ọdún 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun. Wọ́n ń gé ìtàkùn, wọ́n sì ń fi oró pa àwọn igi tí kò níye lórí lọ́jà, kí oòrùn lè wọlé bá àwọn ọmọ igi gẹdú. Oòrùn wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàkùn ni ó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀; ó dìde, ó sì bo ohun gbogbo. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1960, wọ́n ti ń pa ètò náà tì.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a fi ọwọ́ gbin igi. Láti ọdún 1902 ni wọ́n ti gbin tíìkì, igi ilẹ̀ Éṣíà, sí Olókèméjì, ó sì ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú àṣà kan wá láti Burma. Wọn a fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ìjọba, yóò gbin iṣu àti àgbàdo rẹ̀ síbẹ̀, yóò máa tọ́jú ọmọ igi láàárín wọn, nígbà tí igi bá sì ga, àgbẹ̀ yóò kó lọ sí ibòmíràn. Ètò yìí mú oúnjẹ wá, ó sì mú igi wá.

Ìrókò ńkọ́? Wọ́n gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ṣa irúgbìn, wọ́n mú un hù, wọ́n sì gbìn ín ní ìlà-ìlà sí ojú oòrùn, ìrókò nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrókò. Ibẹ̀ ni ọ̀tá tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ti jáde. Kòkòrò tín-ín-tín kan ni, Phytolyma ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó ń yé ẹyin sí ara ọ̀mùnú ìrókò. Bí ọmọ rẹ̀ bá pa, ó wọ inú ẹran ewé tútù lọ, ewé náà á sì wú bò ó bí eéwo. Nígbà tí eéwo náà bá bẹ́, olú inú afẹ́fẹ́ wọ ojú egbò, ọ̀mùnú náà sì jẹrà. Ọmọ ìrókò tún yọ ẹ̀ka tuntun, kòkòrò tún bà lé e. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí agbára ọmọ igi yóò fi tán. Igi tí ó ti dàgbà kò bìkítà fún kòkòrò yìí; ọmọdé igi ni ó ń pa. Igi tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù, tí apá kì í ká, ohun tí kò tó èékánná ọwọ́ ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀ ní jòjòló.

Nítorí náà, tíìkì àti gmelina ni wọ́n gbájú mọ́. Apá ńlá nínú igbó Omo ni a gé kanlẹ̀ láti gbin gmelina fún iléeṣẹ́ bébà tí a fẹ́ dá sílẹ̀ ní Ìwòpin. Láti òkèèrè, igbó ni. Bí ẹ bá wọ inú rẹ̀, irú igi kan ṣoṣo ni ẹ ó rí. Ní ọdún 1998, àjọ IUCN kọ orúkọ ìrókò mọ́ àwọn igi tí wọ́n sún mọ́ bèbè ewu.

Ẹ má ṣe rò pé kòkòrò nìkan ni ó jẹ̀bi. Òfin náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní Ghana, níbi tí wọ́n ń pe ìrókò ní odum, òfin ọdún 1962 fi gbogbo igi gẹdú sí ìkáwọ́ ààrẹ fún àǹfààní orílẹ̀-èdè. Igi wà lóko àgbẹ̀, kì í ṣe ti àgbẹ̀. Bí agégẹdú bá dé pẹ̀lú ìwé àṣẹ, igi yóò wó lu kòkó, owó kékeré tàbí òfo ni yóò kan olóko. Kí ni ẹ rò pé àgbẹ̀ ọlọgbọ́n yóò ṣe bí ó bá rí ọmọ odum tí ó hù láàárín kòkó rẹ̀? Yóò fà á tu kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Àgbẹ̀ yìí kò kórìíra igi. Òfin ni ó sọ ọmọ igi di gbèsè sí i lọ́rùn. Àwọn àgbà ní igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ní tòótọ́, èyí tí kò tíì tọ́ pàápàá kì í pẹ́ mọ́.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí ó tó hẹ́kítà 75. Ìjọba sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní ọdún 1965, UNESCO sì gbà á wọlé ní ọdún 2005. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ láàárín wa títí ó fi kú ní ọdún 2009, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo, wà lára àwọn tí ó jà kí wọ́n má gé igbó náà. Ẹ sì wo ọgbà IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Apá kan ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń ro tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ kí ó di igbó. Lónìí, igbó gidi tí ó ju hẹ́kítà 300 lọ ni, ó kún fún ẹyẹ, wọ́n sì ń tọ́ ọmọ igi ìbílẹ̀ nínú rẹ̀, ìrókò pẹ̀lú.

Ní ti kòkòrò náà, àwọn onímọ̀ igbó ní Ghana àti ibòmíràn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí. Wọ́n rí i pé àwọn ìrókò kan wà tí kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn, a sì lè ṣa irúgbìn wọn. Wọ́n tún rí i pé bí a bá gbin ìrókò díẹ̀ láàárín oríṣiríṣi igi mìíràn, tí ó ní ibòòji díẹ̀ ní kékeré kí oòrùn tó kún un lójú, ewu náà dín kù. Ẹ kò ha rí i? Oko àtijọ́ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ kí ó sinmi ni àwọn onímọ̀ padà dé. Igi kan kì í dágbó ṣe.

Ìrókò nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ igi oak, igi tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn bí àwa ti ń fi ìrókò yangàn. Oak tí ó ti lé ní 500 ọdún ṣì wà ní ọgbà ọba ní Windsor. Òun náà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ ní kékeré. Ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní jay ni ó ń ri èso rẹ̀ mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àdán ti ń ṣe fún ìrókò. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín àti ehoro ń jẹ ọmọ rẹ̀, àrùn kan tí ó dé Yúróòpù ní nǹkan bí ọdún 1907 sì ń bo ewé rẹ̀ bí ìyẹ̀fun funfun. Nínú ọ̀pọ̀ igbó níbẹ̀, oak àgbà dúró, oak ọ̀dọ́ kò sí.

Ní Saudi Arabia tí a wà yìí náà, igi kan wà lórí òkè Asir àti ní agbègbè Taif tí wọ́n ń pè ní arar. Láti àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ̀wé pé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbẹ, pé ọmọ igi sì ṣọ̀wọ́n lábẹ́ wọn. Ìjọba ya Raydah lẹ́bàá Abha sọ́tọ̀ fún ààbò ní ọdún 1989. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó ní ọgbà ààbò, àwọn ènìyàn ilẹ̀ yìí ti ní hima, ilẹ̀ tí ìlú tàbí ẹ̀yà kan fi òfin yí ká, tí wọ́n mọ àkókò tí ẹran lè jẹ níbẹ̀ àti àkókò tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, ya irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ní Naqi nítòsí Medina. Ní ọdún tí ó ṣẹ́gun Mecca, ọdún 630, ó kà á léèwọ̀ láti gé igi inú ilẹ̀ ọ̀wọ̀ náà. Ní ọdún 1953, ìjọba ṣí àwọn hima sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn kò ní olùtọ́jú mọ́. Ẹran jẹ ẹ́ gbẹ. Díẹ̀ ni ó kù lónìí. Ní ọdún 2021, ìjọba kéde pé àwọn yóò gbin bílíọ̀nù mẹ́wàá igi ní ọ̀pọ̀ ọdún tí ń bọ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn Olókèméjì àti Omo ti kọ́ wa pé iye tí a gbìn kọ́ ni a ó kà, iye tí ó yè ni.

Mo ti wá rí èsì fún ọmọ mi. Ní pápá Arafat, níbi tí àwọn alálàájì máa ń dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dóńgóyárò ni ó ń ṣíji bò wọ́n. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, a ti ń ka iye wọn sí nǹkan bí 50,000. Igi ilé Nassif kọ́ ni ó bí wọn. Ènìyàn ni ó gbé irúgbìn wá, tí ó gbẹ́ ilẹ̀, tí ó sì ń fa omi dé ìdí wọn. Ibi tí a tẹ́ òkúta sí, ọmọ kò lè hù níbẹ̀ bí ó ti wù kí ìyá lágbára tó. Ibi tí ẹnìkan ti ṣí ilẹ̀, tí ó sì dúró tì í, ni ọmọ ti ń hù.

Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ àwọn ìdílé ni mo ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kan kí n tó dákẹ́. Mo mọ ilé tí a ti pààlà dáadáa, tí a fi ẹ̀ṣọ́ sí i, tí àgbà inú rẹ̀ ń sọ Yorùbá tí ó jinlẹ̀, tí ọmọ kò sì lè kí ìyá rẹ̀ àgbà lórí tẹlifóònù. Ààlà dára. Kò tó. Bí ẹ bá lọ sílé fún ọlidé, ẹ mú àwọn ọmọ dé Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, kí wọ́n fọwọ́ kan ara ìrókò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bi àwọn àgbà ní orúkọ igi mẹ́wàá, arère, afárá, ọ̀gánwó, apá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ tí ó ṣófo, ẹ gbin ìrókò méjì mẹ́ta sí i láàárín igi mìíràn, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò máa wò wọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá padà síhìn-ín. Ẹni tí ó bá gbìn ín kò ní jókòó sábẹ́ ibòòji rẹ̀. Àwọn tí ó fi ti ìṣáájú sílẹ̀ ní ìdúró fún wa kò retí pé àwọn yóò jókòó níbẹ̀.